À Ń Pẹ́ Nídìí Ẹ̀rọ Yín

Ọkùnrin kan wà láàárín àwọn alágbẹ̀dẹ, tí òun fúnra rẹ̀ kò lè rọ ìṣó. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀. Bí o bá fún un ní òòlù, àtàǹpàkò ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kàn. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ló ti ń jẹun. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ kò sì ní orúkọ kan tó já gaara, nítorí náà wọ́n kàn ń pè é ní Aláàárín.

Ìyá kan ló ni ilé iṣẹ́ náà. Ọkọ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, nígbà tí ọkọ sì kú, ìyá kò jẹ́ kí iná ibẹ̀ kú. Òun ló gba ọkùnrin yìí síṣẹ́. Ó ní, "Àwọn alágbẹ̀dẹ mi mọ irin. Àwọn tó ń ra ẹ̀rọ mọ ìyà tó ń jẹ wọ́n. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn. Ìwọ ni kí o dúró sáàárín wọn, kí o máa sọ ohun tó yẹ ká ṣe fún mi, àti ìdí tó fi yẹ ká ṣe é. Bí a bá ṣe ohun tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ìwọ ni n ó bi."

Ìyá fún un ní iṣẹ́, kò fún un ní àṣẹ. Kò sí alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ní kí wọ́n ṣe nǹkan, tí wọ́n ní àwọn kò ṣe, kò sí ohun tó lè fi wọ́n ṣe. Olórí alágbẹ̀dẹ, àgbà ọkùnrin tó mọ irin bí ẹní mowó, kì í jẹ́ kó sinmi. Á ní, "Aláàárín, o kò rọkọ́, o kò rọ àdá, oúnjẹ àgbẹ̀dẹ lò ń jẹ. Kí lo tiẹ̀ ń bá wa ṣe gan-an?" Aláàárín á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bàbá, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ ni."

Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Ó mọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń yá, ó sì mọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń pẹ́ ṣùgbọ́n tí kì í bà jẹ́. Kò jẹ́ bá alágbẹ̀dẹ kankan ṣe ìlérí fún oníbàárà láìkọ́kọ́ bi í bóyá yóò lè ṣe é. Bí wọ́n bá yìn ín lóde, á gbé ìyìn náà délé fún ẹni tó ni ín. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní jẹ́ kó mọ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fún gàrí. Wọ́n gbé e lọ sí Ìdí Àfọ̀n, abúlé kan lórí òkè, níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí láti ìgbà ìyá ìyá wọn. Àdéhùn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ lò ó wò. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn yóò gbà á, gbogbo abúlé tó yí wọn ká yóò sì tẹ̀ lé wọn, nítorí pé gàrí Ìdí Àfọ̀n ni gbogbo ayé ibẹ̀ ń wò ṣe àwòkọ́ṣe. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ó parí nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ náà ti rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò yìí. Ìyá pe gbogbo wọn jọ, ó ní, "Bí ẹ̀rọ yìí bá fi lè padà wá, màá ti ilẹ̀kùn yìí pa. N kò lágbára mọ́." Kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì bà wọ́n lẹ́rù jù. Aláàárín ro àwọn ọmọ tó wà nílé rẹ̀, ó sì ro àwọn alágbẹ̀dẹ tó ti di ẹbí rẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí awakọ̀ tó máa ń kó gàrí sọ̀ kalẹ̀ láti òkè fi dé pẹ̀lú ìròyìn. Ó ní, "Àwọn obìnrin Ìdí Àfọ̀n ní ẹ̀rọ yín ń pẹ́ jù. Wọ́n ní bí ẹ kò bá wá nǹkan ṣe sí i kó tó di ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, kí ẹ wá gbé e."

Ilé iṣẹ́ dàrú. Olórí alágbẹ̀dẹ lu àyà, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ ọ́! Ẹ́ńjìnnì yẹn ti kéré jù. Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sí i, kó máa bú bíi kìnnìún!" Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti pẹ́ tó ti ń wá ibi tí yóò gbé ẹ́ńjìnnì ńlá náà sí. Alágbẹ̀dẹ kan ní kí wọ́n fi táyà sí i. Òmíràn ní iná ni kí wọ́n so mọ́ ọn lórí. Ìyá fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà pupa, kí wọ́n sì fi fèrè sí i, kí gbogbo abúlé lè mọ̀ bó bá ti ń ṣiṣẹ́. Ká ní wọ́n gbọ́ ti gbogbo wọn ni, ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ì bá di ọkọ̀ ojú irin.

Aláàárín kò dá sí i. Ó pe awakọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bu omi tútù fún un, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu wọn sọ ọ́ fún mi. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo fẹ́ gbọ́."

Awakọ̀ mumi, ó ronú. "Wọ́n ní, 'À ń pẹ́ jù nídìí ẹ̀rọ yín.'"

"Ṣé 'ẹ̀rọ yín ń pẹ́' ni wọ́n wí, àbí 'à ń pẹ́ nídìí ẹ̀rọ yín'?"

"Èkejì ni. Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?"

Kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ọkọ rẹ bá pẹ́ nídìí ayò, ṣé ọmọ ayò ni kò yára?

Aláàárín tọ ìyá lọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí n gòkè lọ wò ó." Olórí alágbẹ̀dẹ bínú. Ó ní, "Ilé ń jó, ẹnì kan ní òun fẹ́ lọ wo ẹ̀fín!" Ìyá yíjú sí Aláàárín, ó ní, "Máa lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ náà má pẹ́ o."

Nígbà tó dé Ìdí Àfọ̀n, àṣìṣe ló kọ́kọ́ ṣe. Ó lọ kí àgbà obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn tó ń yan gàrí, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹgbẹ́. Ìyá Ẹgbẹ́ pe àwọn obìnrin yòókù jọ, Aláàárín sì dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé ẹ fẹ́ kí ẹ̀rọ yín yára ju báyìí lọ?"

"A fẹ́ ẹ!"

"Ṣé ẹ fẹ́ ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju èyí lọ?"

"Àmín o! Kí Ọlọ́run ṣe é!"

Inú rẹ̀ dùn. Ó ti gbé àpò kọ́ èjìká, ó fẹ́ máa lọ, kí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tó wá yé e. Ta ni wọn yóò bi pé ṣé ó fẹ́ ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀, tí yóò ní òun kò fẹ́? Òun ló fi ìdáhùn sínú ìbéèrè, òun náà ló tún ń dúpẹ́ pé òun rí ìdáhùn. Ojú tì í gidigidi. Ó gbé àpò sílẹ̀, ó sì tọrọ ibi tí yóò sùn sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ jókòó sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó kàn ń wò.

Àwọn obìnrin ń gòkè bọ̀ láti odò, níbi tí wọ́n ti lọ fọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bó. Agbọ̀n tó kún dẹ́nu ló wà lórí òṣùká wọn, omi sì ń kán lára rẹ̀. Ọ̀nà náà ga, ó kún fún òkúta, ọmọlanke kò lè gbà á. Ní ìlú tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń gbé nísàlẹ̀, ọmọlanke ni wọ́n fi ń ti ẹ̀gẹ́ lọ sídìí ẹ̀rọ, nítorí náà kò sí èyí tó ronú kan orí èèyàn nínú wọn.

Obìnrin kìíní dé. Ó kígbe, "Ẹ bá mi sọ̀ o!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀. Àwọn tó ń yan gàrí wà nídìí iná. Obìnrin náà dúró. Èkejì dé, òun náà kígbe, "Ẹ bá mi sọ̀!" Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó ru ẹrù yóò ṣe sọ ẹni tó ru ẹrù? Òun náà dúró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tò sẹ́yìn ara wọn, tẹrùtẹrù, tí omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn gba ọrùn wọn wọnú aṣọ. Ẹ̀rọ sì ń pariwo, ó la ẹnu sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń lọ̀.

Nígbà tó ṣe, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yan gàrí fi iná sílẹ̀, ó wá sọ ẹni àkọ́kọ́. Ní Ìdí Àfọ̀n, bí ẹnì kan bá sọ̀ ọ́, o kò gbọdọ̀ yí ẹ̀yìn padà bẹ́ẹ̀. O ó kúnlẹ̀, o ó dúpẹ́, òun náà ó béèrè ọkọ, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ẹ̀yìn tó ń dun ìyá ọkọ rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn méjèèjì yóò wá tún gbé agbọ̀n kan náà nílẹ̀, wọn ó gbé e dé ẹnu ẹ̀rọ tó ga dé àyà wọn. Kí o tó ṣẹ́jú, ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́ tán. Ó tún la ẹnu sílẹ̀. Gàrí ti ń jóná lọ́hùn-ún.

Aláàárín dìde. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, ó bẹ aboyún kan pé kó jẹ́ kí òun bá a ru tirẹ̀. Ẹ̀rín sọ lódò. Wọ́n gbé e rù ú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò rìn jìnnà tí àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé, "Ọkọ wa, rọra o! Ọrùn rẹ ti ń wọlé bíi ti ahun!"

Nígbà tó dé ìdí ẹ̀rọ, ó gbàgbé pé òun jẹ́ èèyàn pàtàkì. Ó ké, "Ẹ bá mi sọ̀ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀!" Wọ́n kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín tẹ́ra wọn lọ́rùn. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹrù lórí, ẹ̀rọ ń pariwo níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà sì wọ̀ ọ́ lára tán. Ẹ́ńjìnnì ńlá wo ló fẹ́ ràn án lọ́wọ́ níbi tó dúró sí yìí? Bí wọ́n bá gbé e dé, ariwo ni yóò fi kún un.

Ó padà délé, ó sì sọ ohun tó rí. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń pẹ́. Àwọn èèyàn ló ń dúró tẹrùtẹrù, tí kò sẹ́ni tó máa sọ̀ wọ́n." Ó kúnlẹ̀ kọjú sí ìyá. "Mà, ìmọ̀ràn fèrè yín dára, ṣùgbọ́n kò ní gbé ẹrù kúrò lórí ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ká fi táyà sílẹ̀. Ká fi iná sílẹ̀. Bàbá, ẹ́ńjìnnì yín yóò ní ọjọ́ tirẹ̀, kì í ṣe òní. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá fún yín, n kò sì mọ ìdáhùn rẹ̀. Kí la lè ṣe tí obìnrin tó ru agbọ̀n yóò fi bọ́ lábẹ́ rẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni, tí ẹ̀gẹ́ yóò sì dé ẹnu ẹ̀rọ láìtún gbé e nílẹ̀?"

Olórí alágbẹ̀dẹ pòṣé. "Pẹpẹ lò ń wí. Èmi tí mò ń ṣe ẹ̀rọ, pẹpẹ ni kí n wá máa kàn."

"Bó bá jẹ́ pẹpẹ ni yóò gbà wá là ńkọ́, Bàbá?"

Ìyá ní, "Bí kò bá wá gbà wá là ńkọ́?"

Aláàárín kò ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn, bí ibẹ̀ bá tú, òun ni kò ní rí ibi lọ jù. Ó ní, "Kí ẹ má bi alágbẹ̀dẹ kankan. Èmi ni mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Èmi ni mo ni ẹ̀bi náà."

Olórí alágbẹ̀dẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, ó sì ti rí oríṣiríṣi ọ̀gá. Kò tíì rí ẹni tó gba ẹ̀bi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù mọ́ ṣòkòtò, ó ní, "Dìde níbẹ̀, jẹ́ ká lọ. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Wọ́n jọ gòkè. Aláàárín bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má tíì jó irin kankan, kí wọ́n kọ́kọ́ fi pákó àti okùn gbìyànjú. Wọ́n gbé pákó náà sókè gíga orí èèyàn, ó dagun sọ́dọ̀ ẹnu ẹ̀rọ, kí ẹ̀gẹ́ lè máa yọ̀ lọ. Àwọn obìnrin tó ga sún mọ́ ọn, wọ́n tẹ orí díẹ̀, agbọ̀n yọ̀ sórí rẹ̀. Ó dára. Ni obìnrin kúkúrú kan bá dé, ó na ìka ẹsẹ̀, ó na ọrùn, díẹ̀ ló kù kí agbọ̀n dà lé e lórí. Wọ́n sọ pákó náà wálẹ̀ fún un, ni àwọn tó ga bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú gbá a.

Aláàárín kò gba ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó pe obìnrin kúkúrú náà àti gíga kan, ó ní kí wọ́n bá olórí alágbẹ̀dẹ sọ ọ́ fúnra wọn, òun sì bọ́ sẹ́yìn. Wọ́n sọ ọ́ dé ibi tí ọkùnrin náà fi lóṣòó, tó ń fi igi fa ilẹ̀. Lójijì ló fò dìde. "Ilẹ̀!" Ó ń kígbe bí ọmọdé. "Kì í ṣe pẹpẹ la máa gbé sókè sódò, ilẹ̀ ni! Ẹ jẹ́ ká kó yẹ̀pẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó máa ga díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ga á dúró nísàlẹ̀. Ẹni tó kúrú á rìn lọ síwájú títí agbọ̀n rẹ̀ á fi kan pẹpẹ!" Aláàárín gbá a mọ́ra. Òun kò lè ronú kan ìyẹn láéláé, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ létí gbogbo èèyàn.

Wọ́n fi irin ṣe pẹpẹ náà, wọ́n gbìn ín, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀, wọ́n gún un mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ìyá fúnra rẹ̀ gòkè wá nínú ọkọ̀ gàrí, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Àwọn obìnrin láti abúlé mìíràn wá wòran. Ìyá Ẹgbẹ́ káwọ́ gbera, ó ní, "Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀, mo rí pẹpẹ. Ẹ̀rọ tó yára dà?" Aláàárín ní, "Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ dá yín lóhùn."

Obìnrin kúkúrú náà ló kọ́kọ́ dé. Ó tẹ orí òkìtì yẹ̀pẹ̀ náà, ó rìn lọ síwájú, agbọ̀n rẹ̀ kan pẹpẹ. Ó tẹ orí. Agbọ̀n yọ̀. Ó bọ́ síta lábẹ́ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ dá wà. Ó ti la ẹnu láti kígbe "Ẹ bá mi sọ̀," nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára, kò sì wá mọ ohun tí yóò fi ẹnu náà ṣe mọ́. Gbogbo abúlé bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn dé, ó bọ́ lábẹ́ ẹrù. Òmíràn tún dé. Ẹ̀rọ tó ti ń jẹ afẹ́fẹ́ láti ọjọ́ yìí kò ráàyè mí. Kò sí ẹni tó fi iná gàrí sílẹ̀. Oòrùn kò tíì kan àtàrí nígbà tí wọ́n lọ ẹ̀gẹ́ tó kẹ́yìn tán. Àwọn obìnrin tí kì í délé kí ilẹ̀ tó ṣú fọ ọwọ́ fọ ẹsẹ̀, àwọn mìíràn na gbalaja sábẹ́ igi lọ́sàn-án gangan, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ti di olorì.

Ìyá pe olórí alágbẹ̀dẹ. "Ẹ́ńjìnnì wo lẹ gbé sí i?"

"Ti tẹ́lẹ̀ náà ni, mà. A kò fọwọ́ kàn án."

Ìyá fi ọwọ́ bojú, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹgbẹ́ dìde láàárín ẹgbẹ́, ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ yìí kúrò ní Ìdí Àfọ̀n, kó kọ́kọ́ gbé èmi!" Ariwo ayọ̀ gba òkè. Àwọn àlejò láti abúlé mìíràn ti yí ìyá ká, oníkálukú ń bi í pé ìgbà wo ni tàwọn. Ilẹ̀kùn wo ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ tì pa?

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yin olórí alágbẹ̀dẹ, Aláàárín ló sì tì í síwájú kí wọ́n lè yìn ín dáadáa. Òun dúró lẹ́yìn, ó ń jẹ gàrí gbígbóná. Olórí alágbẹ̀dẹ já ara rẹ̀ gbà, ó wá fà á lọ́wọ́ dé àárín agbo. Ó ní, "Gbogbo wa la gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán sí wa. Òun nìkan ló gbọ́ ọ bí ẹ ṣe sọ ọ́." Àwọn obìnrin gbé Aláàárín lé èjìká, ó ń bẹ̀ wọ́n, wọn kò gbọ́.

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe alámòójútó ohun tí ilé iṣẹ́ yín ń ṣe fún aráyé, ìwọ ni mo pa àkàwé yìí fún. O ní ẹ̀rù ń bà ọ́ nítorí pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mọ̀ ju ìwọ lọ. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ jù ọ́ lọ, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Má fi àṣẹ tí o kò ní bá wọn jà. Gbé ìbéèrè tó dára wá fún wọn, kí o sì bọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí gbogbo ẹnu bá ń béèrè fèrè àti táyà, fi ọ̀wọ̀ sọ pé rárá, kí ọ̀gá rẹ náà gbọ́ ọ. Bí iṣẹ́ bá dára, mọ ẹni tí o máa tì síwájú. Bó bá bàjẹ́, má wá ẹni tí o máa sá sẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí o tó ṣe gbogbo ìyẹn, dìde lórí àga rẹ. Àwọn tó ń lo iṣẹ́ yín ń sọ̀rọ̀, ẹnu ẹlòmíràn lo sì ti ń gbọ́ ọ. Lọ síbi tí wọ́n wà. Má ṣe bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́, kí o sì máa sáré bọ̀. Dúró síbẹ̀, títí wàá fi rí ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀, tí kò rẹ́ni sọ̀ ọ́.